Fọ́tò àwọn àgbà: ẹ gbé kámẹ́rà lé wọn lọ́wọ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Bí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ọ̀wàrà bá ti pé, a ti mọ irú fọ́tò tí a máa rí nínú ìwé ìròyìn. Ọjọ́ náà ni Nàìjíríà ń ṣe àyájọ́ òmìnira, òun náà sì ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àwọn àgbàlagbà nínú ìpinnu tí wọ́n ṣe ní 1990. Fọ́tò àkọ́kọ́ á jẹ́ ti ìyá arúgbó tó tẹ́wọ́ gba àpò ìrẹsì. Èkejì á jẹ́ ti bàbá tó gbé àgbọ̀n lé orí ọ̀pá, tó ń wo ọ̀ọ́kán. Ẹni tó yà wọ́n kò purọ́. Ìrẹsì wà níbẹ̀, ọ̀pá náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá yẹn kan náà lè jẹ́ ẹni tó ń jó láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdúpẹ́ títí dé ìparí rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, bàbá náà sì lè jẹ́ ọ̀ta ayò tí gbogbo àdúgbò ń sá fún. Kò sí ẹni tó ya ìyẹn, nítorí kò sí ẹni tó bi wọ́n.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùwádìí tó ń fi fọ́tò wá bí àwọn àgbà ṣe ń najú àti bí wọ́n ṣe ń dára yá ti ń pọ̀ sí i. Ohun tó dára ni. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe é bí ayafọ́tò ìwé ìròyìn ṣe ń ṣe é: wọ́n gbé kámẹ́rà, wọ́n ya bàbá, wọ́n padà sílé, wọ́n wá jókòó túmọ̀ ohun tí wọ́n rí. Kámẹ́rà tó wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́ ń ya ohun tí ọ̀dọ́ rò pé ogbó jẹ́. Ẹ gbé e lé àgbà lọ́wọ́ kó ya tirẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ jẹ́ ìwádìí náà. Fọ́tò fúnra rẹ̀ kọ́kọ́rọ́ lásán ni. Bí a ṣe ń ṣe é àti ibi tó ti máa ń bàjẹ́ la fẹ́ kọ síhìn-ín fún àwọn olùwádìí náà.

Ìdí tí a fi nílò fọ́tò rárá ni pé ọ̀rọ̀ tí a fi ń béèrè kì í yé àgbà bó ṣe yé wa. Ẹ bi ìyá ẹni ọdún 72 pé, “Mà, ṣé ẹ máa ń ṣe eré ìdárayá?” Ìdáhùn rẹ̀ ni, “Eré ìdárayá kẹ̀? Ní ọjọ́ orí yìí?” Lójú tirẹ̀, ohun tí àwọn ọmọ iléèwé ń ṣe ní pápá ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Fàájì ńkọ́? Ti àwọn tó ń lọ òde àríyá nìyẹn. Bí ẹ bá wá sọ pé, “Kí lẹ máa ń ṣe bí ọwọ́ yín bá dilẹ̀?”, ẹ ti bú u láìmọ̀, torí àgbà tó bá gbà pé ọwọ́ òun ń dilẹ̀ ti fẹ́ gbà pé ọ̀lẹ lòun. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2020 pé kí ẹni tó ti pé ọdún 65 máa fi 150 sí 300 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú kí èèyàn mí sókè sódò díẹ̀, kó sì fi ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró ṣinṣin kó má baà máa ṣubú. Ijó ìdúpẹ́ lè wà nínú ìṣirò yẹn. Ìrìn àfẹ̀mọ́júmọ́ sí mọ́sálásí lè wà níbẹ̀, ọgbà ẹ̀yìnkùlé náà lè wà níbẹ̀. Kò sí èyí tó máa jáde lórí ìwé tí wọ́n kọ “eré ìdárayá” sí, tí ìyá ti fi “rárá” dáhùn. Ẹni tí kò ní orúkọ fún nǹkan ṣì lè tọ́ka sí i.

Ọgbọ́n náà ti pẹ́. Ní 1957, John Collier, ayafọ́tò ará Amẹ́ríkà tó bá àwọn onímọ̀ yunifásítì Cornell ṣiṣẹ́ ní ìlà-oòrùn Kánádà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn tí wọ́n bá kó fọ́tò síwájú wọn máa ń sọ ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtó, àti pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kì í tètè sú wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Caroline Wang àti Mary Ann Burris gbé kámẹ́rà lé àwọn obìnrin 62 tó ń gbé abúlé lọ́wọ́ ní Yunnan, nílẹ̀ Ṣáínà, kí wọ́n fúnra wọn ya bí ayé wọn ṣe rí, kí àwọn aláṣẹ lè fojú rí i. Nínú ti Collier, olùwádìí ló ya fọ́tò, ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀ lé e. Nínú ti Yunnan, ẹni tó yà á ló ń sọ̀rọ̀. Fún ọ̀rọ̀ àwọn àgbà àti ìnàjú wọn, ti Yunnan la fara mọ́.

Àwa náà ní tiwa tó yẹ ká mọ̀ kí a tó pín kámẹ́rà. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan tó ṣe ìwádìí ní Ìlá-Ọ̀ràngún, tẹ àpilẹ̀kọ jáde ní 1978 lórí bí Yorùbá ṣe ń ya fọ́tò. Ó ṣàlàyé ìjókòó kan tí gbogbo wa ti rí lára ògiri pálọ̀: àgbà jókòó, ó kọjú sí kámẹ́rà gan-an, ó tẹ́ ọwọ́ lé itan, aṣọ ńlá rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ, a rí i láti orí dé ẹsẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Iyì ni wọ́n ń yà níbẹ̀. Ẹni tó ti pé ọdún 70 lónìí, ìgbà tí fíìmù kan ń ní ojú 36 péré, tí ojú kọ̀ọ̀kan ń ná èèyàn lówó, ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró fún kámẹ́rà. Nítorí náà, bí ẹ bá gbé fóònù fún un, fọ́tò bíi mẹ́fà àkọ́kọ́ lè jẹ́ ti òun fúnra rẹ̀ lórí àga, pẹ̀lú fìlà tàbí gèlè. Olùwádìí ọ̀dọ́ á sọ pé iṣẹ́ ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò iyì yẹn fún un dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní íńṣì 10 ní ìbú àti 12 ní gígùn, kí ẹ gbé e fún un. Lẹ́yìn èyí, ẹ sọ pé, “Ti iyì ti parí, mà. Ó wá ku ohun tí ẹ ń ṣe.” Fóònù á wá bọ́ sí ẹnu iṣẹ́. Àwọn kan á sì bi yín pé ṣé fọ́tò ìsìnkú àwọn lẹ ń yà sílẹ̀ ni. Ẹ bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ fi ìbéèrè náà sọ́kàn, torí a máa padà sí i.

Fóònù tí kò wọ́n ti tó. Kí gbogbo akópa lo oríṣi kan náà, kí ẹ má baà máa kọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹ yọ ohun tó ń ti ojú rẹ̀ pa, ẹ kó gbogbo àmì yòókù kúrò lójú rẹ̀ kó ku ti kámẹ́rà nìkan, ẹ fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí òpin nítorí oòrùn. Ẹ jẹ́ kí ìró “kẹ́ẹ̀” tó ń ṣe nígbà tó bá yà máa dún sókè. Àgbà tí kò bá gbọ́ ọ á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ìka tó ti gbẹ, tó ti le nítorí ọkọ́ tàbí aró, ojú fóònù kì í sábà mọ̀ ọ́n. Bọ́tìnnì tí a fi ń gbé ohùn sókè ni kí ẹ kọ́ wọn láti máa fi yà á. Ẹ so okùn mọ́ fóònù kó lè wà lọ́rùn ọwọ́. Ẹ wo aago àti ọjọ́ inú rẹ̀ kó tó kúrò lọ́wọ́ yín, torí bí aago bá ti yẹ̀, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣáájú nínú àwọn fọ́tò mọ́, kò sì sí bí ẹ ṣe máa tún un ṣe lẹ́yìn náà. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná kò nílò àlàyé: kí pawabáǹkì bá fóònù kọ̀ọ̀kan lọ.

Kíkọ́ wọn kò ju nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú lọ. Kí wọ́n ya mẹ́ta níṣojú yín: ohun tó wà nítòsí, ohun tó wà lọ́nà jíjìn, àti nǹkan kan tí kò ní èèyàn nínú. Ẹ̀kẹta yìí ló ṣe pàtàkì jù, torí àgbà gbà pé fọ́tò tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀ kì í ṣe fọ́tò, ẹ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó mọ̀ pé ọ̀nà, àga, bàtà àti igi tó wà lẹ́nu ọ̀nà náà ṣeé yà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, kó fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì ti àyà. Kí ẹ má sì pa fọ́tò tó rí bàìbàì rẹ́. Fọ́tò ijó tó gbọ̀n máa ń sọ nípa ijó ju èyí tó dúró jẹ́ẹ́ lọ.

Iṣẹ́ tí ẹ máa fi rán wọn kò gbọdọ̀ ní ọ̀rọ̀ olóyìnbó nínú, kò sì gbọdọ̀ ní “ìdárayá” nínú. Èyí tó ti ṣiṣẹ́ dáadáa ni: ẹ ya ohun tó ń mú ara yín yá, ibi tí ẹ ti ń ṣe é, ẹni tí ẹ jọ ń ṣe é, àti ohun tó ń dí yín lọ́wọ́. Mẹ́rin péré. Bí ẹ bá gbàgbé ìkẹrin, ẹ ò ní rí kòtò tí kò jẹ́ kí bàbá kọjá, ẹ ò ní rí àtẹ̀gùn 11 tí kò ní ohun tí èèyàn lè dì mú. Ẹ sọ iye fún wọn: 20, tàbí 25. Bí ẹ bá ní iye tó bá wù wọ́n, ẹ máa gba 200 lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ máa gba mẹ́ta lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọjọ́ 10 sí 14 ló dára, kí ọjọ́ Jímọ̀ àti ọjọ́ Ìsinmi méjì-méjì bọ́ sínú rẹ̀. Oṣù Ràmàdáánì àti ọ̀sẹ̀ ọdún kì í jọ ọjọ́ yòókù, ẹ yẹra fún wọn àyàfi tó bá jẹ́ pé àwọn gan-an lẹ fẹ́ mọ̀. Ẹni tó bá lágbára kó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́, torí ẹsẹ̀ tó ń rìn lọ sóko ní oṣù Agẹmọ lè má kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ bá mú.

Ẹ padà lọ wò wọ́n ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Ìbẹ̀wò yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò láti fi dín owó ọkọ̀ kù, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ ti ń dàrú. Bátìrì ti kú, ìka ti bo ojú kámẹ́rà nínú gbogbo fọ́tò, tàbí kí ọmọ-ọmọ ti gba fóònù, kó fi ń ta géèmù. Ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ yìí kì í ṣe kékeré. Nígbà tí ẹ bá ń wo fọ́tò, ẹ bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé ta ló tẹ̀ ẹ́. Bí ìyá bá ní, “Èmi ni mo ní kó ya ibẹ̀ yẹn”, fọ́tò ìyá ni. Bí ọmọ bá kàn dá a yà, ẹ kó o sọ́tọ̀, ẹ má jù ú nù. Ẹ máa rí i bí ojú ọmọ ọdún 12 ṣe yàtọ̀ sí ti ìyá rẹ̀ àgbà nínú ilé kan náà.

Àwọn kan wà tí wọn kò ní fẹ́ fọwọ́ kan fóònù rárá. Fún wọn, ẹ lo ọmọ ayò. Ayò kan ní ọmọ 48. Ọjọ́ kan ní wákàtí 24. Ọmọ kan á wá jẹ́ ààbọ̀ wákàtí. Ẹ to àwo mẹ́fà tàbí méje sílẹ̀, ẹ fi nǹkan gidi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kó dúró fún un: ìrọ̀rí fún oorun, ìkòkò fún oúnjẹ, tẹ̀sùbáà tàbí ìwé orin fún ìjọsìn, bàtà fún ìrìn, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kó wá pín ọmọ 48 náà bí àná rẹ̀ ṣe lọ. Ẹ má lo ọpọ́n ayò. Ọwọ́ tó ti ń ta ayò láti ogójì ọdún á kó mẹ́rin-mẹ́rin sínú ihò kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀ yín, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ayò, ẹ ó sì lọ kọ ọ́ sínú ìwé pé wákàtí méjì ló fi sùn. Bó bá pín in tán, ẹ dúró sókè tààrà, ẹ ya gbogbo àwo náà láti òkè, kí ẹ tó ka iye inú ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè kí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ gbọ́ ọ. Ibi tí ó ti dùn jù ni ìgbà tí ọmọ bá ṣẹ́ kù méje lọ́wọ́ bàbá, tí kò mọ àwo tí òun máa kó wọn sí. Ẹ má ràn án lọ́wọ́. Ohun tó bá sọ nípa méje yẹn ni ẹ wá.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má wo fọ́tò lórí fóònù nígbà ọ̀rọ̀. Ẹ tẹ̀ wọ́n jáde ní íńṣì 6 ní ìbú àti 8 ní gígùn ó kéré tán, lórí bébà tí kò dán, torí èyí tó ń dán máa ń da ìmọ́lẹ̀ padà sí ojú tó ti ń ṣe bàìbàì. Ẹ fi bírò kọ nọ́ńbà sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tẹ́ wọn sórí ẹní tàbí tábìlì, kí ẹni tó ni wọ́n fúnra rẹ̀ mú mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tó fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, kó sì tò ó bó ṣe wù ú. Wákàtí kan ti tó. Kí ẹ máa pe nọ́ńbà sókè bí ó bá ti mú ọ̀kan: “Ẹ wà lórí fọ́tò 14, mà.” Bí ẹ kò bá pè é, ohun tó máa wà nínú ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ ni “èyí”, “ibí yìí”, “ẹ ò rí i?”, kò sì ní sí ẹni tó máa mọ ibi tó ń tọ́ka sí. Ìbéèrè tí kò yẹ kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín ni “Kí ló dé tí ẹ fi ya èyí?” Lédè wa, ìbéèrè tí wọ́n fi ń bá ọmọdé wí nìyẹn. Ẹ sọ pé, “Ẹ bá wa sọ̀rọ̀ èyí, mà,” kí ẹ sì dákẹ́.

Ẹ wo fọ́tò kan báyìí. Garawa aláwọ̀ búlúù kan ni, omi inú rẹ̀ kò ju ìdajì lọ. Sílípáàsì kan dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ewédú hù lẹ́bàá ògiri. Kò sí èèyàn. Olùwádìí tó jókòó sílé ara rẹ̀ á kọ ọ́ sábẹ́ “iṣẹ́ ilé”, á sì ṣí ojú ewé tó kàn. Ẹni tó yà á lè sọ pé òun kì í ta ewédú yẹn, òun kì í sì í jẹ ẹ́ tán, àwọn ará àdúgbò ló ń já a, torí bí wọ́n bá ń wá já a ni ilé ṣe ń gbọ́ ohùn èèyàn. Omi kò ju ìdajì lọ nítorí ejìká. Nítorí ìdajì yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni òun ń rìn láti ìdí ẹ̀rọ omi dé ibẹ̀ láàárọ̀, òun sì gbà pé ìrìn mẹ́rin yẹn ni kò jẹ́ kí orúnkún òun gan. Kò sí ọ̀kan nínú ohun wọ̀nyí tí ojú lè rí nínú fọ́tò náà. Ṣé iṣẹ́ ni àbí ìnàjú? Ẹ bi í, kí ẹ kọ ohun tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé “mo kàn ń na ara ni” ló sọ. Kí ẹ má túmọ̀ “na ara” sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ yẹn.

Ìbéèrè tó gbọ́dọ̀ kẹ́yìn ni: “Fọ́tò wo lẹ fẹ́ yà tí ẹ kò rí yà?” Ibẹ̀ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóru ti ń jáde, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ máa ń ta ayò tó ti kú, ijó tí ẹsẹ̀ kò gbé mọ́, àti ibi tí a kì í gbé kámẹ́rà dé. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá yìí máa ń ju gbogbo fọ́tò tó wà nílẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda wá. Ìwé méjì ni, kì í ṣe ẹyọ kan: èkíní pé òun fẹ́ kópa, èkejì lẹ́yìn tí fọ́tò ti jáde, pé èyí àti èyí lè jáde síta, èyí kò gbọdọ̀ jáde. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kó tẹ̀ka níwájú ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe ara àwọn olùwádìí. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 kan ojú èèyàn nínú fọ́tò, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí náà sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí fóònù kankan tó jáde. Ẹ kọ́ akópa láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹlòmíràn kó tó yà á. Ẹ̀yìn gàgá àwọn obìnrin ní mọ́sálásí, ojúbọ, àti ohun tí obìnrin kò gbọdọ̀ rí, ẹ jókòó ti akópa kẹ́ ẹ jọ sọ ọ́ ṣáájú, torí àgbà mọ ààlà wọn ju yín lọ. Ẹ pa ohun tó ń jẹ́ kí fóònù máa kọ àdírẹ́sì ibi tí a ti ya fọ́tò sínú fáìlì. Bí fáìlì kan bá jò, ilé ìyá arúgbó tó ń dá gbé ló jò yẹn. Kí ẹ má sì fi WhatsApp kó fọ́tò jọ bí a ṣe ń fi í ránṣẹ́ lásán, torí ó máa ń fún un pọ̀ títí kò ní ṣeé tẹ̀ ní ńlá. Láti ara fóònù sínú kọ̀ǹpútà tààrà ni kó gbà, ẹ̀dà mẹ́ta, kí nọ́ńbà dípò orúkọ wà lára fáìlì.

Ọ̀pọ̀ olùwádìí máa ń fi nǹkan dúdú bo ojú èèyàn nínú fọ́tò láti dáàbò bò ó. Nílẹ̀ wa, ẹni tí wọ́n bo ojú rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ni ọ̀daràn. Àgbà tó bá rí ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ á bi yín pé, “Ṣé mo jalè ni?” Ó sì tọ́ kó bínú. Ẹni tó bá fẹ́ kí a rí òun, tó ti mọ ohun tó rọ̀ mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí a rí i. Ẹni tí kò bá fẹ́, ẹ ya ọwọ́, ẹ ya ẹ̀yìn, ẹ ya ẹsẹ̀ nínú bàtà. Ọwọ́ tó wà lórí ọpọ́n ayò ti tó láti gbé ọ̀rọ̀.

Ìbéèrè fọ́tò ìsìnkú wá rèé. Àgbà lẹ ń bá ṣiṣẹ́. Ẹnì kan lè papò dà kí iṣẹ́ tó parí. Àwọn ọmọ á wá béèrè fọ́tò. Ẹ ti gbọ́dọ̀ bi ẹni náà fúnra rẹ̀ nígbà tó wà láàyè pé ta ni kó gba àwọn fọ́tò wọ̀nyí bí òun kò bá sí nílé mọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kì í bínú. Ọ̀pọ̀ ti ronú rẹ̀ tipẹ́.

Ti ìtúpalẹ̀ kò ní gùn. Ẹni 12 pẹ̀lú fọ́tò 20 jẹ́ fọ́tò 240 àti wákàtí ọ̀rọ̀ 12, èyí tó pọ̀ tó fún ìwádìí kan. Wákàtí kan ọ̀rọ̀ Yorùbá, tí a bá kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn, kì í gbà dín ní odidi ọjọ́ kan. Ẹni tó bá kọ ọ́ láìsí àmì á padà wá máa wò bóyá “ọkọ” ni ìyá sọ tàbí “ọkọ́”. Ẹ to fọ́tò lọ́tọ̀, ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀: ta ni, níbo, ìjókòó ni tàbí ìdúró. Lẹ́yìn náà ẹ ka ọ̀rọ̀. Ibi tí méjèèjì bá ti ta kora ni kí ẹ dúró sí. Kí ẹ sì má ka ìṣẹ́jú láti ara fọ́tò. Fọ́tò ìrìn kan kò sọ bóyá ìṣẹ́jú mẹ́ta ni àbí ọgbọ̀n. Bí iye ìṣẹ́jú lẹ bá fẹ́, ẹ so ẹ̀rọ tó ń ka ìṣísẹ̀ mọ́ wọn nídìí. Kámẹ́rà tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn, tó ń dá yà fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, wà nílẹ̀ òkèèrè, àwa kò gbà á níyànjú fún agbo ilé tí ogún èèyàn ń wọlé tó ń jáde.

Ọ̀kan tó kù ni ibi tí ẹ ti ń kó akópa jọ. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbà tó wà ní UCH, ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ìbàdàn, láti 2012 jẹ́ ibi tó rọrùn láti rí wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó wá gbàtọ́jú lẹ máa rí níbẹ̀. Ẹ lọ sí ìdí ọpọ́n ayò, ẹgbẹ́ àsàlátù, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ìdí dráfù lábẹ́ igi, kí ẹ sì wá ẹni tí kì í jáde rárá nínú ilé kẹta sí ti ẹni tó ń jáde.

Ní ti ìwé ìròyìn yín, Olóòtú, ohun tí a ń tọrọ kéré. Bí ẹ bá fẹ́ fọ́tò àgbà fún ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ọ̀wàrà tó ń bọ̀, ẹ kà á padà sẹ́yìn: ọ̀sẹ̀ kan fún ọ̀rọ̀ àti ìyọ̀ǹda kejì, ọjọ́ mẹ́ta fún títẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ wọn, ọjọ́ kan fún kíkọ́. Fóònù gbọ́dọ̀ ti kúrò lọ́fíìsì yín kí oṣù Ògún tó parí. Àgbà mẹ́rin ti tó fún ojú ewé méjì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yan fọ́tò tó máa jáde, kí ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, pẹ̀lú ẹ̀ka èdè wọn, kí ẹ má tún un ṣe sí Yorùbá ìwé. Kí ẹ sì fi ẹ̀dà ìwé ìròyìn náà ránṣẹ́ sí ilé ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, pẹ̀lú fọ́tò tí ẹ tẹ̀.

Àwa ni tiyín,
Àwọn olùkọ́ ìwádìí kan,
Ìbàdàn.